Ìwé Ẹyẹ Tí Moyọ̀sọ́lá Yá Ọkọ Mi

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Ohun tó bàjẹ́ lónìí, àti ẹni tó mọ̀ kí n tó mọ̀:

Agbo wa tú ká kí Démọ́lá tó pa idán rẹ̀ dé ìdajì. Démọ́lá mọ̀ pé yóò tú ká. Ó ní òun ti ń rí i lójú àwọn èèyàn tipẹ́. Ó rí i, kò la ẹnu.

Obìnrin tí Démọ́lá ní kó yá òun ní òrùka káwọ́ mọ́ àyà, ó pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di inú ọkọ̀. Ìdajì agbo wọ́ tẹ̀lé e. Fàúsátù tó ń ta agbọn lábẹ́ igi furúùtù mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ó ń fi àdá bó agbọn lọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Jọkẹ́, ta ló máa bọ́ òrùka ìgbéyàwó fún onídán ní Àgbádárìgì yìí? Ìwọ gan-an tó o kàwé rẹpẹtẹ, ṣé wàá bọ́ tìẹ fún ọkọ ẹlòmíì?"

Èmi ni mo ra ìwé idán náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ti sọ pé kí onídán yá òrùka lọ́wọ́ obìnrin kan nínú èrò. Ó ní inú obìnrin náà á dùn. Ẹni tó kọ ọ́ kò wọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa rí.

Rewájú àti àwọn ajẹná rẹ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ ti gbé ọtí lọ kí Bàbá Sẹ̀tọ́njí, olórí àwọn ọlọ́kọ̀. Gbogbo èbúté ló mọ̀.

Èyí tó kù ni mo gbọ́ kẹ́yìn. Démọ́lá ti ń lọ sí yàrá ìwé Moyọ̀sọ́lá ní Ìbẹ̀rẹ̀kọ́ láti ìgbà tí òjò Oṣù Kẹwàá ti ń rọ̀. Moyọ̀sọ́lá mọ̀, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ mọ̀. Fàúsátù mọ̀, ó sì rò pé mo mọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti máníjà rẹ̀, lẹ́nu alágbọn ni mo ti gbọ́.

Kí n kọ ohun tó wà nílẹ̀ kedere, kí n lè máa rí i. Bàbá Sẹ̀tọ́njí máa wo àwa àti Rewájú ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá wù ú ló máa ní abẹ́ igi furúùtù fún gbogbo àsìkò ọdún. Ibẹ̀ ni gbogbo àlejò ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹni tí kò bá rí ibẹ̀ mú, kó lọ máa pa idán fún akàn. Mi ò fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ kí n lè wá máa wo ẹ̀yìn àwọn èèyàn tó ń lọ.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Mo bi í nígbà tó ń mu ògì.

"Ìwé kí lo ń lọ kà ní Ìbẹ̀rẹ̀kọ́?"

"Ìwé."

"Ìwé idán?"

"Kò sí ìwé idán kankan níbẹ̀."

Ó wọlé lọ mú un wá. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ìtọ́jú ìkókó. Mo wo ìwé, mo wo ọkọ mi.

"Démọ́lá, ta ló lóyún?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ògì fi ta sí i láṣọ. Ó ní, "Wò ó, Jọkẹ́. Wọ́n ní ìkókó kì í wo ibi tí èèyàn nàka sí. Ojú ẹni tó gbé e ló ń wò. Bí àwọn èrò etíkun náà ṣe rí nìyẹn. Mò ń na ọwọ́ ọ̀tún kí wọ́n lè wò ó, àmọ́ ojú mi wà lára ọwọ́ òsì tí mo fi ń ṣe màgòmágó. Ojú mi ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń já ọgbọ́n mi."

Ọ̀rọ̀ náà dáa. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ká ní ó jẹ́ ọ̀rọ̀ òpònú ni, ǹ bá ti sùn dáadáa.

Ní ilé ìwé ìṣòwò, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń kó ọjà fún ọ ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Mi ò mọ ẹni tó ń kó ọjà fún ọkọ mi.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Mo pàdé Moyọ̀sọ́lá ní èbúté. Mi ò wá a lọ o, ọkọ̀ kan náà ni a jọ fẹ́ wọ̀. Ọmọ olóògbé tíṣà ni Moyọ̀sọ́lá, ó ti sọ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ di ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọlé kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ti ọkùnrin, ó wọ sálúbàtà aláwọ̀ ewé. Ó kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń mì lọ́tùn-ún lósì.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí Jọkẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ bọ̀ọ̀dá o. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ yín lọ́dọ̀ wa."

Kí ni wọ́n máa ń sọ? Mi ò lè bi í. Èèyàn kì í bá ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ jà. Mo ní kó dìde, omi ń bẹ nílẹ̀ ọkọ̀. Látàárọ̀ ni mo ti ń wá ohun tí mo lè fi kàn án lẹ́sùn, mi ò rí i. Ìyẹn ló tún burú jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Agbo dúró títí dé òpin! Ẹni kan péré ló lọ, ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ tọ̀.

Démọ́lá wo ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni pé wúrà wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì bá a wò ó. Èmi náà tí mo mọ idán náà tinú tòde, mo bá wọn wò ó. Owó ẹyọ bọ́ sínú àpò láìsí ẹni tó rí i.

Fàúsátù fi agbọn tútù kan ta wá lọ́rẹ. "Ọkọ ẹ ti ń dáa sí i o. Ta ló ń kọ́ ọ?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Èmi ni."

Ó wò mí, ó rín irú ẹ̀rín kan, ó ní, "Hẹn. Nọ́ọ̀sì Jọkẹ́."

Ó mọ̀ nípa ìwé náà pẹ̀lú. Ta ni kò mọ̀?

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

Epo bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ti fi kún owó ọkọ̀. Démọ́lá ò sí nílé nígbà tí mo jí. Mi ò béèrè ibi tó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá

Ìwé idán tuntun tí mo rà lórí fóònù há sọ́nà. Láti ọjọ́ mélòó kan ni àwọn tó ń gbé e bọ̀ ti ń sọ pé "lọ́la mà." Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n fún mi ní orúkọ ẹni tí mo máa mú ní lọ́la yẹn. Wọ́n gé fóònù.

Nígbà tí mo ń bá wọn jà lọ́wọ́, ọkọ mi ti gbé agbádá eré wa lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Ọ̀tọ̀. Agbádá tí èmi fọwọ́ ara mi yan aṣọ rẹ̀. Ó dé, okùn wúrà kan ti wà lára apá ọ̀tún, ó ń dán yanran, apá òsì sì ṣókùnkùn bí ẹ̀yìn ìkòkò.

"Kí lo fi aṣọ mi ṣe?"

"Ìwé kan ni mo kà, lórí aṣọ rírán. Ó ní ibi tí okùn bá ti dán ni ojú á sáré lọ, ibi tí kò dán, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Mo wá ní kí wọ́n ṣe àpò kan sí ibi tí kò dán."

"Ìwé ta ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká agbádá náà. Kí ni mo tún ń béèrè?

Bẹ́ẹ̀, àpò náà wà níbi tó yẹ kó wà. Mo ti wá bí a ṣe máa rí irú àpò bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo kọ ètò, mo ya àwòrán. Ọmọbìnrin kan wá fi ìwé télọ̀ lé e lọ́wọ́, ó parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá

Ó lọ sí Ìkógà láti àárọ̀. Ó dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ìwé ńlá kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, àwòrán ẹyẹ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Jọkẹ́, mo rí i. Ẹyẹ kékeré kan báyìí ní etí omi, kò tóbi ju ọwọ́ mi lọ. Moyọ̀sọ́lá ló mú wa lọ sí ibi ìtẹ́ rẹ̀."

"Ẹ jọ lọ."

"Àwọn ọmọ ilé ìwé wà níbẹ̀, èrò ni wá."

"Mi ò bi ẹ́ nípa ọmọ ilé ìwé."

"Jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹyẹ náà ṣe fún ẹ. Ó máa yà ẹ́ lẹ́nu. Nígbà tí a sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀..."

"Mi ò fẹ́ gbọ́. Ọjọ́ kẹfà ti ń bọ̀, Rewájú ń jẹ iná lójoojúmọ́, ìwọ ń lé ẹyẹ kiri Ìkógà. Lọ wẹ ẹsẹ̀ ẹ, o ti kó ẹrẹ̀ wọlé."

Ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tún dárúkọ ẹyẹ mọ́. Mo borí, àbí? Títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ ọ́, mi ò tíì jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kọkànlá

Ìwé idán tuntun dé. Ó wúwo, àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lẹ́wà. Démọ́lá ṣí i, ó ní "O ṣeun, Jọkẹ́." Ní ìrọ̀lẹ́ mo rí i lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Tábìlì ò mì mọ́.

Mo lọ ṣọ́ eré Rewájú lókèèrè. Kí á má purọ́, ọkùnrin náà mọ iná í jẹ. Ó tu ú jáde lẹ́nu, ó fi ń kọ ojú ọ̀run. Bàbá Sẹ̀tọ́njí pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ohun rere kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, Démọ́lá di ọwọ́ mi mú, ó ń yí òrùka mi lórí ìka.

"Idán òrùka yẹn, mo fẹ́ fi ṣí ọjọ́ kẹfà. Wọn ò ní bọ́ tiwọn fún mi láéláé, Fàúsátù sọ òótọ́. Yá mi ní tìẹ."

"Wọ́n á mọ̀ pé ìyàwó ẹ ni mí."

"Kí wọ́n mọ̀. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Òrùka mìíràn ò lè ṣe é."

Mo ní ó dáa. Inú mi dùn débi pé mo sanwó ọkọ̀ fún ìyá kan tó jókòó tì wá. Òrùka mìíràn ò lè ṣe é! Kò sí òrùka lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́lá. Mo ti wò ó.

Ètò tí mo kọ rèé: òrùka á pòórá nínú áńkáṣífù, á jáde nínú búrẹ́dì tí a gbé sórí àga. Ó mọ́, ó yá, kò gba àsìkò.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti dé, ètè ti là. Mo fi òróró agbọn pa ìka kí òrùka lè máa bọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ sí Ìbẹ̀rẹ̀kọ́. Ara mi ò gbà á mọ́.

Yàrá kékeré ni, ó ń rùn bí bébà tí òjò ti pa rí. Ìwé lórí oyin sísìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé òfin, ìwé oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ètò kankan níbẹ̀. Ó wù mí kí n tò ó.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fún yín lómi."

"Mi ò wá jókòó. Ìwé wo lo tún fẹ́ gbé fún ọkọ mi? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣáájú."

Kò bínú. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo máa ń yan ìwé fún wọn. Wọ́n á rìn lọ rìn bọ̀ níbí, wọ́n á fa èyí tí kò jọ iṣẹ́ wọn rárá yọ. Bọ̀ọ̀dá Démọ́lá ní ìwé idán máa ń sọ ohun tí gbogbo onídán ti mọ̀ fún wọn."

"Kí wá ni iṣẹ́ tìẹ níbẹ̀?"

"Mo kàn máa ń bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá dá a padà ni. Mo máa ń ní, 'Kí lẹ rí nínú ẹ̀?' Wọ́n á wá sọ̀rọ̀ títí."

Kí lẹ rí nínú ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti wà pẹ̀lú Démọ́lá, mi ò bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣé o ti parí?" ni mo máa ń bi í. "Ìgbà wo ló máa yá?" ni mo máa ń bi í. Mo ń mọ ìgbà, ẹlòmíràn ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo yíjú láti máa lọ, ó sin mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹfà yẹn, mo ti sọ fún wọn pé ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ..."

"Ètò ọjọ́ kẹfà wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. "Ẹ̀yin náà lẹ ni ín, mà."

Mo rin ìdajì ọ̀nà kí n tó rántí pé ọ̀kadà wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kejìlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ, kí inú tó ń bí mi má baà yí i padà.

Òkun dákẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀, èrò yamùrá. Rewájú ló kọ́kọ́ ṣe. Iná rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tu ú jáde ni àwọn ìyá ń fa ọmọ sẹ́yìn, títí tí agbo fi fẹ̀ bí pápá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ láti òkèèrè. Bàbá Sẹ̀tọ́njí jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọn Fàúsátù, ó mi orí.

Ó kan àwa. Démọ́lá jáde nínú agbádá olókùn wúrà. Ó ní kí ẹnì kan yá òun ní òrùka. Gbogbo wọn káwọ́ pamọ́, bí a ṣe mọ̀. Mo bọ́ tèmi fún un. Ẹnì kan ní, "Ìyàwó ẹ̀ ni! Wọ́n ti jọ sọ ọ́ nílé!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fi áńkáṣífù wé e, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tú u: òfìfo. Dáadáa. Ó gbé búrẹ́dì, ó bù ú sí méjì.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún un bù. Ó fọ́ ọ túútúú. Ó gbọn apá agbádá, ó yọ àpò síta. Mo mọ ojú Démọ́lá, mo mọ ojú eré rẹ̀ àti ojú òótọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni mo rí. Ojú náà ti di eérú.

"Jọkẹ́," ó ní. "Ó bọ́."

"Kí ló bọ́?"

"Òrùka. Mo rò pé inú iyanrìn ló bọ́ sí."

Mi ò mọ ìgbà tí mo wọ àárín agbo. Mo gbàgbé Bàbá Sẹ̀tọ́njí, mo gbàgbé igi furúùtù, mo gbàgbé ètò. Mo ti wà lórí orúnkún, mò ń fi ọwọ́ méjèèjì hú iyanrìn. Démọ́lá fẹsẹ̀ kọ àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lọ sápá omi. "Bóyá ibí ni... àbí ibí..." Èmi ń rá tẹ̀lé e. Àwọn èrò náà tẹ̀lé wa. Ìyá kan tó ti di ọmọ mọ́ra látàárọ̀ gbé e kalẹ̀, ó ń fi ìka sẹ́ iyanrìn. Alhájì kan bọ́ bàtà. Àwọn èèyàn tí wọn kì í jẹ́ kí òjìji wọn kan onídán, wọ́n ti bò wá mọ́lẹ̀.

"Onídán sọ òrùka ìyàwó ẹ̀ nù!" Ọlọ́kọ̀ kan ló ń kígbe. "Idán gidi di ti ìrọ̀lẹ́ yìí, ká wo ilé tó máa wọ̀!"

"Ẹ má jẹ́ kó sá lọ o! Ẹ di agbádá ẹ̀ mú!"

Mo gbójú sókè, mo bú u. "Ìwọ aláìnírònú yìí! Ẹyẹ! Ẹyẹ lò ń kà nípa ẹ̀! Ẹyẹ Ìkógà!"

Ẹnu rẹ̀ fà díẹ̀. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun.

Nínú gbogbo ẹsẹ̀ tó wà lójú mi, gbogbo wọn ló ń hú iyanrìn, àfi ẹsẹ̀ méjì tó dúró sójú kan. Sálúbàtà aláwọ̀ ewé. Orí wọn kò kọ sọ́dọ̀ wa. Wọ́n kọ sí ibi tí Fàúsátù wà.

Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ ohùn Fàúsátù, jẹ́jẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. "Bàbá, ẹ mu agbọn yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn aláṣejù máa gbẹ́ kànga."

Bàbá Sẹ̀tọ́njí gbé agbọn sẹ́nu. Ó mu ún. Ó dúró. Ó ki ìka sẹ́nu, ó fa nǹkan kan yọ láàárín eyín, ó gbé e sókè síbi oòrùn.

Òrùka mi.

Gbogbo etíkun na ọrùn. Lẹ́yìn náà, ariwo tó sọ, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn ọlọ́kọ̀ gbé Démọ́lá sókè. Rewájú fúnra rẹ̀ di orí mú.

Bàbá Sẹ̀tọ́njí ní, "Ọkọ̀ tó ń jò ni gbogbo èrò máa ń wò, wọn kì í wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. A wanu, ọmọ mi, o kú iṣẹ́, a wanu! Abẹ́ igi di tìẹ." Ó nu òrùka mọ́ aṣọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ìyàwó, ìwọ lo wú mi lórí jù. O ṣe é bí ẹni pé òótọ́ ni."

"Òótọ́ ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó rò pé ìyẹn náà wà lára eré.

Bí òrùka ṣe dénú agbọn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìwé máa ń sọnù.

Nínú ọkọ̀ mo bi Démọ́lá. Ó sọ̀rọ̀ ẹyẹ náà fún mi níkẹyìn. Bí ọdẹ bá sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀, ẹyẹ yìí á wọ́ apá kan nílẹ̀, á máa tiro lọ bí èyí tó ti kán. Ọdẹ á máa tẹ̀lé e, á rò pé ọwọ́ òun ti fẹ́ tó o. Tí wọ́n bá ti jìnnà sí ẹyin tó, ẹyẹ á fò.

"Ta wá ni apá tó kán?"

Ó wo òrùka tó wà lọ́wọ́ mi.

"Èmi ni."

"Jọkẹ́, mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ lọ́jọ́ tí mo dé láti Ìkógà. O ní o ò fẹ́ gbọ́."

Òótọ́ ni. Mo kọ ọ́ sókè níbẹ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ẹnu ẹ di ni?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá kọ ọ́ sínú ètò. Wàá kọ ìṣẹ́jú tí o máa ké."

Mo mọ ara mi. Ǹ bá sì ti kọ ọ́ lóòótọ́.

"Ta ló mọ̀?"

"Fàúsátù, torí agbọn."

"Àti ta?"

Ó wo omi. "Òun ló fi ẹyẹ náà hàn mí, Jọkẹ́."

A ti mú abẹ́ igi. Kí n tún un kọ: a ti mú abẹ́ igi. Ó yẹ kí inú mi dùn ju báyìí lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá

Ìṣòro tuntun, ẹnikẹ́ni ò rò ó tẹ́lẹ̀, àní àwọn olóye Ìbẹ̀rẹ̀kọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi, ojoojúmọ́ títí ọdún tuntun. Bàbá Sẹ̀tọ́njí ti ní eré àná gan-an ni òun fẹ́ fún àwọn àlejò, ìyàwó tó ń rá nínú iyanrìn ni kí a má yọ kúrò. Mo sì ti mọ̀ báyìí pé òrùka ò sọnù.

A gbìyànjú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sọ òrùka "nù", mo figbe ta. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló dé?"

"Ò ń ké bí ẹni tó ń polówó gààrí."

A tún un ṣe. Fàúsátù tó wá gba owó agbọn jókòó sórí àpótí, ó wò wá títí. Ó ní, "Jọkẹ́, tó bá jẹ́ bó o ṣe ṣe é lánàá nìyí, ǹ bá ti gba owó agbọn mi lọ́wọ́ Bàbá ṣáájú."

Démọ́lá wá sọ ọ́, kò wojú mi. "Bóyá Moyọ̀sọ́lá lè jẹ́ ẹni tó máa yá mi ní òrùka. Ó máa ń..."

Mo gbé ife kalẹ̀. "Òrùka ta?"

"A lè fún un ní..."

"Parí ọ̀rọ̀ yẹn, Démọ́lá. Mò ń gbọ́ ẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká áńkáṣífù. Fàúsátù dìde, ó ní òun gbàgbé àdá sílé.

Òrùka mi ni. Apá tó kán, èmi ni mo ni ín. Mi ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹni yẹn. Tó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n fi ń ṣe é, mo mọ̀ ọ́n kà.

Mo ti fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Mo dà á kọ síbí kó má baà sí àríyànjiyàn:

"Moyọ̀sọ́lá. Mo nílò ìwé kan. Mi ò fẹ́ ìwé idán, mi ò fẹ́ ìwé eré orí ìtàgé. Wá ìwé tí ẹnì kan ti sọ ohun tó fẹ́ràn nù, tó sì wá a kiri bí ẹni pé kò ní rí i mọ́. O mọ ibi tí nǹkan wà nínú rúdurùdu rẹ yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni kó o gbé e fún, kì í ṣe Démọ́lá, má sì sọ fún un. Kó wà lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní èbúté. Tó bá di agogo márùn-ún tí mi ò rí ọ, ẹnu ọ̀nà rẹ ni wàá ti bá mi. Lọ́jọ́ tí mo bá sì dá a padà, bi èmi náà ní ohun tí o máa ń bi Démọ́lá."